Obìnrin Ará Kénáánì ní Èjìgbò

Ọdún tí ìjọba pàṣẹ pé kí ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì, kí ó máa gba ọwọ́ ọ̀tún, ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá kan ní ìwé kíkà nínú gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti jáde ilé ìwé mọ́dà nígbà náà, mò ń retí kí wọ́n pè mí sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Nílé wa, ẹni tó ń retí nǹkan kì í káwọ́ gbera. Télọ̀ ni bàbá mi, ìdí bọ́tìnnì ló sì fi mí sí: mò ń gé ihò rẹ̀, mò ń fi òwú yí i ká, mò ń gán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì tí òun bá ti rán tán. Mùsùlùmí ni wá láti ìgbà bàbá tó bí bàbá mi. Ṣùgbọ́n ilé ìwé ìjọ ló sún mọ́ ilé wa jù, ibẹ̀ ni mo lọ, ibẹ̀ náà ni mo sì ti mọ Bíbélì débi pé nígbà tí a ṣe ìdánwò àṣejáde, èmi ni mo gba máàkì tó ga jù nínú Ẹ̀kọ́ Bíbélì. Àwọn olùkọ́ fi ṣe ẹ̀rín rín. Nílé, kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí mo gbà nínú rẹ̀.

Pásítọ̀ ìjọ náà ló wá sí ìsọ̀ bàbá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó mú ṣòkòtò kan lọ́wọ́ tó fẹ́ kí wọ́n bá òun dín kù, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé kì í ṣe ti ṣòkòtò nìkan ló bá wá, nítorí pé ó jókòó.

"Ọmọbìnrin yín yìí ni mo wá tọrọ," ó wí. "Àwọn ìyá mélòó kan fẹ́ mọ̀wé kà, àwọn olùkọ́ wa ò sì ráyè. Ọjọ́rú-Ọjọ́rú ni, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán."

Bàbá mi ò gbójú kúrò lára máṣíìnì. "Ìwé wo ni wọ́n fẹ́ kà?"

"A-bí-dí ni wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá ti mọ ìyẹn, wọn yóò bọ́ sí Ìhìn Rere."

"Ìtàn Ànábì Ísá nìyẹn," bàbá mi wí. Ó dá máṣíìnì dúró. "Kò burú. Ìwé ni ìwé. Ṣùgbọ́n kí ó ti wọlé kí a tó kírun àṣálẹ́, kí ẹ má sì rì í bọmi fún mi."

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ẹnikẹ́ni ò ní rì mí bọmi. Bí mo ṣe di olùkọ́ nìyẹn.

Àwọn tó ń wá ò pọ̀. Ìyá Ìjọ ni olórí wọn, arúgbó tí ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba ìgbàgbọ́ nílùú. Gbogbo orin ìjọ ló mọ̀ sórí, síbẹ̀ kò dá lẹ́tà kan mọ̀. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé òun ò fẹ́ kú láìfi ojú ara òun rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà. Ẹnì kejì ni obìnrin kan tó ń ta epo fìtílà, tí a máa ń gbóòórùn rẹ̀ kí a tó rí i. Kò ní sùúrù fún ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí kì í ní ìbéèrè. Àwọn yòókù ń wá, wọ́n ń lọ, bí oko àti ọjà bá ṣe gbà wọ́n láyè sí. Ẹnì kẹta ni mò ń torí rẹ̀ kọ èyí.

Ará Àbíjàn ni gbogbo wọn ń pè é. Ọmọ agbo ilé kan ní Èjìgbò ló fẹ́ ẹ lọ́hùn-ún, mẹkáníìkì kan tó ti lọ sí Kọdifuá láti ìgbà èwe rẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú wa ṣe máa ń lọ. Àìsàn mú ọkùnrin náà. Kó tó kú, ó ní kí ìyàwó òun gbé ọmọ òun lọ sílé kí àwọn ènìyàn òun lè rí i. Ọ̀hún ni wọ́n sin ín sí, lọ́jọ́ tó kú gan-an, bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀. Ìyàwó wá mú ọmọ náà, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín, ó wọkọ̀, ó la Gánà àti Tógò àti Dàhòmì kọjá títí ó fi dé Èjìgbò, ìlú tí kò dé rí. Ó sọ fún mi pé ọwọ́ ọ̀tún ni ọkọ̀ ń gbà nílẹ̀ tiwọn, pé nígbà tí àwọn dé Gánà ó bọ́ sí òsì, nígbà tí àwọn dé Tógò ó tún padà sí ọ̀tún. Nígbà tí òun sì fi dé ọ̀dọ̀ wa, àwa fúnra wa ò tíì mọ ọwọ́ tí à ń gbà.

Ẹnu ọkọ rẹ̀ ló ti kọ́ Yorùbá, bí ọkùnrin ló sì ṣe ń sọ ọ́. Ó mọ orúkọ irin inú ẹ́ńjìnnì kó tó mọ orúkọ ewébẹ̀. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé "ìwọ" ni ọkọ rẹ̀ ń pè é, bí ọkọ ṣe ń pe aya, òun sì rò pé bí a ṣe ń pe gbogbo ènìyàn nìyẹn. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ kíláàsì wa, ó kúnlẹ̀ dáadáa níwájú Ìyá Ìjọ, ó ní, "O káàsán, Ìyá."

Elépo fìtílà fọwọ́ bo ẹnu.

"Ọmọ mi," Ìyá Ìjọ wí, "ṣé bí o ṣe ń kí àwọn àgbà ilé ọkọ rẹ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ni wọ́n máa ń sọ?"

"Wọn kì í sọ nǹkan kan. Wọ́n máa ń wo ara wọn."

Nítorí náà, kí n tó kọ́ ọ ní lẹ́tà kankan, "ẹ" ni mo kọ́ ọ: ẹ káàárọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó tètè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a lè ṣe sí àwọn oṣù tó ti lò nínú agbo ilé náà kó tó mọ̀ ọ́n.

Oníṣòwò ni wọ́n nínú ilé náà, Mùsùlùmí, àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Èjìgbò àti Kọdifuá. N kò lè sọ pé wọ́n fìyà jẹ ẹ́. Wọ́n fún un ní yàrá. Wọ́n ń gbé oúnjẹ fún un nínú abọ́ tó ní ìdérí. Àwọn obìnrin ilé tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́, àní àwọn tó jù ú lọ, ń pè é ní "ẹ̀yin". Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó pè é ní ìyàwó. "Obìnrin tó tẹ̀lé e wá" ni wọ́n ń pè é bí kò bá sí nítòsí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí wọ́n ní ó tẹ̀lé kò bá a wá. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kò sẹ́ni tó bá àwọn tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí kankan. Ṣé wọ́n so yìgì? Ta ló wà níbẹ̀? Ẹni tó lè dáhùn ti kú.

Nígbà tí mo bi í léèrè ìdí tó fi fẹ́ mọ Yorùbá kà, ó ní ọmọ òun ti fẹ́ wọ ilé ìwé, òun ò sì fẹ́ kí ọmọ náà wà níbi tí òun ò lè wọ̀.

Nígbà tí a kúrò lórí a-bí-dí tí a bọ́ sí Ìhìn Rere, mo kíyè sí ohun kan tí n kò kíyè sí nílé ìwé. Nílé ìwé, orúkọ là ń kọ́ sórí: orúkọ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn, orúkọ ọba, orúkọ gómìnà. Òun ni wọ́n ń bi wá nínú ìdánwò. Àwọn ìyá wọ̀nyí ò bèèrè ọba. Ẹni tí kò lórúkọ ni wọ́n ń bèèrè. A ka ti obìnrin ará Samáríà tó wá pọnmi nídìí kànga.

"Kí lorúkọ rẹ̀?" Elépo bèèrè.

Mo wo ìwé, mo ní kò sí níbẹ̀. A ka ti obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, tó fọwọ́ kan etí aṣọ Jésù láti ẹ̀yìn. Kò lórúkọ. A fo sínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, a ka ti ìwẹ̀fà ará Etiópíà tó jókòó sínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin tó ń kàwé. Ìyẹn dùn mọ́ wọn, nítorí pé ènìyàn dúdú ni. Ìyá Ìjọ mọ ohun tí ìwẹ̀fà jẹ́ láàfin Ọ̀yọ́, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún wa láìfi nǹkan kan pamọ́, tó fi di pé mò ń wo ilẹ̀. Òun náà ò lórúkọ.

"Ọkùnrin tó wà ní ipò tó tó bẹ́ẹ̀," Elépo wí. "Òun ló ń ṣọ́ owó ọbabìnrin. Wọn ò tilẹ̀ bi í léèrè?"

Ìyá Ìjọ ló dá a lóhùn. "Ìwọ náà, ta ló ń pè ọ́ lórúkọ nínú agbo ilé tí o wà? Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé ọkọ mi, kò sẹ́ni tó pe orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Ìyàwó ni mo kọ́kọ́ jẹ́. Mo bímọ, mo di ìyá ọmọ. Èmi náà ò pe ọmọ ilé kankan lórúkọ tí wọ́n bá ti bí i ṣáájú kí n tó wọlé, ì báà ṣe ọmọ tó ń rákò. Bàbá Kékeré ni mò ń pè é. Kì í ṣe gbogbo àìpe-orúkọ ni ìwọ̀sí."

Àwọn obìnrin mi orí, nítorí bó ṣe rí nìyẹn. Ará Àbíjàn ò mi orí. Ó ń wá ọ̀rọ̀.

"Ẹ ṣeun, Ìyá," ó wí. "Ẹ̀yin, ẹ kúrò nínú orúkọ bàbá yín, ẹ bọ́ sínú ìyàwó. Ẹ kúrò nínú ìyàwó, ẹ bọ́ sínú ìyá ọmọ. Èmi ti kúrò. Mi ò tíì bọ́ síbì kan."

A ń bá ìwé lọ.

Ìtàn tí kò jẹ́ kí ará Àbíjàn rójú ni ti ẹrúbìnrin kan tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀, tí àwọn olówó rẹ̀ ń fi í pawó. Ó ń tẹ̀ lé Pọ́ọ̀lù kiri, ó ń pariwo, títí Pọ́ọ̀lù fi lé ẹ̀mí náà jáde lára rẹ̀. Àwọn olówó rẹ̀ bínú, wọ́n mú àwọn oníwàásù, wọ́n nà wọ́n, wọ́n tì wọ́n mọ́lé. Lẹ́yìn náà ilẹ̀ mì, ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n ṣí, ẹ̀ṣọ́ ẹ̀wọ̀n àti gbogbo ará ilé rẹ̀ gbàgbọ́. Àwọn yòókù ti fẹ́ bọ́ sí òmíràn, ó ní kí n padà sẹ́yìn.

"Ọmọbìnrin yẹn ńkọ́?"

"Ìwé ò tún sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́," ni mo wí.

"Ta ló mú un lọ sílé?"

"Kò sí níbẹ̀."

"Àwọn olówó rẹ̀ ò fẹ́ ẹ mọ́," ó wí. "Àwọn tó lé ẹ̀mí jáde wà lẹ́wọ̀n. Nígbà náà, ojú títì ló dúró sí." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó fi ìka tẹ ojú ìwé, bí ẹni pé òun ń kà á níbẹ̀ ni.

Ìgbà tí iṣu tuntun ti ń ti Ifẹ̀-Ọ̀dàn wọlé ni a dé ibi ìtàn obìnrin ará Kénáánì. Kì í ṣe Júù. Ó wá bá Jésù pé ara ọmọ òun obìnrin ò yá. Jésù kọ́kọ́ dákẹ́ sí i. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ní kó lé e lọ, ariwo rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí Jésù sì máa sọ̀rọ̀, ohun tó wí ni pé oúnjẹ àwọn ọmọ ilé kì í ṣe ohun tí à ń gbé fún ajá. Obìnrin náà ò bínú, kò lọ. Ó ní lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n èérún tó bọ́ sílẹ̀ láti orí tábìlì, ajá a máa jẹ ẹ́. Èsì yẹn ló gba ìwòsàn fún ọmọ rẹ̀.

Mo ti kà á nílé ìwé tẹ́lẹ̀, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Nínú gbọ̀ngàn yẹn, ará Àbíjàn ló kà á fúnra rẹ̀, sílébù kan tẹ̀lé òmíràn, ó sì pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà "ajá" nítorí pé ó kéré, kò sì gbà pé ó ti tán.

"Ó pe obìnrin náà lájá?" Elépo wí.

"Kò pè é bẹ́ẹ̀ tààrà," ni mo wí. Mo gbìyànjú láti mú wọn kúrò níbẹ̀. Mo sọ fún wọn pé ìtàn náà wà nínú ìwé méjì: ọ̀kan ní ará Kénáánì ni obìnrin náà, èkejì ní Gíríìkì ni, tí wọ́n bí ní ìhà Síríà.

Ará Àbíjàn gbójú sókè. "Ẹnì kan náà?"

"Ẹnì kan náà ni."

Ó rẹ́rìn-ín. N kò tíì rí ẹ̀rín rẹ̀ rí. "Ní Àbíjàn, ìyàwó Anàgó ni wọ́n ń pè mí, torí Anàgó ni wọ́n ń pe ẹ̀yin. Ní abúlé tí wọ́n bí mi sí, wọ́n ní mo ti di ará Àbíjàn. Ẹ̀yin náà ní ará Àbíjàn. Mi ò fojú kan Àbíjàn títí mo fi dàgbà. Inú igbó ni abúlé wa wà." Ó tún wo ìwé. "Ajá wo ni? Ajá ilé ni àbí ajá ìgbẹ́?"

Mo ní ìwé ò sọ.

"Ó sọ," Ìyá Ìjọ wí. "Ṣé kò ní abẹ́ tábìlì ló wà? Ajá ìgbẹ́ ò lè dé abẹ́ tábìlì. Wọn á ti sọ ọ́ lókò lẹ́nu ọ̀nà. Ajá ilé ni."

"Ajá ilé ní olówó," Elépo wí.

Ará Àbíjàn ń ronú. "Nígbà náà, obìnrin yẹn ti wọlé," ó wí. "Ó gba orúkọ burúkú, ó fi wọlé."

Pásítọ̀ wọlé wá bá wa lórí ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n sì bi í. Ó ní ìdánwò ìgbàgbọ́ ni Jésù fi ṣe. Elépo ní ìdánwò náà le. Pásítọ̀ ní lóòótọ́ ni, ó le, ó sì sọ láìfi bò pé òun kì í sáábà wàásù lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn Iléyá tó tẹ̀lé e, àbúrò olóògbé ti Àbíjàn dé, àwọn àgbà agbo ilé sì jókòó. Wọ́n fẹnu kò pé kí ọmọ máa lọ gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ní ìlú Ola, ẹni tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti kúrò nílé, kí ìyá rẹ̀ sì bá àwọn tó ń padà sí Kọdifuá lọ. Kò sẹ́ni tó jiyàn pé ọmọ kì í ṣe tiwọn. Ọmọ ni tiwọn. Wọ́n fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn yóò pè é wá gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn obìnrin.

Ó wá bá mi nílé, kì í ṣe ọjọ́ kíláàsì. Ó bẹ̀ mí kí n bá òun bẹ bàbá mi pé kó wá síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí pé ọkọ rẹ̀ ti sọ fún un rí pé òun àti bàbá mi jọ lọ ilé kéú.

"Ọ̀rọ̀ ẹbí ni," bàbá mi wí. "Kí ni mo jẹ́ níbẹ̀?"

"Kí ẹ kàn jókòó," obìnrin náà wí. "Kí ẹnì kan tó mọ ọkọ mi wà níbẹ̀."

Bàbá mi gé òwú, ó tún un gé. "Màá jókòó. Mi ò ní sọ̀rọ̀."

Mo ní ṣẹ́ẹ̀tì láti gbé fún ẹnì kan nínú agbo ilé náà, nítorí náà èmi náà lọ. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni. Àwọn ọkùnrin jókòó sórí ẹní nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn obìnrin ilé wà lẹ́yìn lójú àgbàlá, níbi tí wọ́n ti lè gbọ́ bí ẹni tí kò gbọ́. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo jókòó sí. Ìyálé gbogbo ilé, ẹni tó ti pẹ́ jù nínú àwọn aya, ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí nínú àtẹ.

Baálé sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Ó ní wọn ò lé e. Ó ní ohun tó ṣe dára, ó gbé ọmọ wọn délé, ẹlòmíràn ò ní ṣe é. Ó ní wọn yóò sìn ín sọ́nà dáadáa. Àbúrò olóògbé bẹ̀rẹ̀ sí í fi Faransé túmọ̀ rẹ̀ fún un, obìnrin náà ní kó má wulẹ̀ ṣe wàhálà, òun gbọ́. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Ẹ ṣeun tí ẹ gbà mí. Mi ò bèèrè ilé. Mi ò bèèrè oko. Ohun tí ọkọ mi fi sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ mọ bí ẹ ó ṣe ṣe é. Nǹkan kan ni mo fẹ́. Ẹ jẹ́ kí n máa gbálẹ̀ ilé yìí."

Ẹni tí kì í bá ṣe ará ibẹ̀ lè má mọ ohun tó bèèrè. Nínú agbo ilé wa, àwọn aya ilé ló ń gbálẹ̀ láàárọ̀, ẹni tó wọlé kẹ́yìn ló sì ń gbá jù. Àlejò kì í gbálẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti dé, nígbàkígbà tó bá mú ìgbálẹ̀, ẹnì kan á ti rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Ẹ fi sílẹ̀, ẹ jókòó." Kò sẹ́ni tó bú u. Ìgbálẹ̀ tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ń sọ fún un lójoojúmọ́ pé kò tíì dé.

Baálé wo àwọn tó yí i ká. "Ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ kì í ṣe ti ọkùnrin," ó wí níkẹyìn, ó sì yíjú sí àgbàlá.

Ìyálé ò dìde. Ó gbé àtẹ ẹ̀gúsí sílẹ̀. "Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó bá ń gbálẹ̀, wọ́n lè rán an níṣẹ́ nígbàkígbà?"

"Mo mọ̀, Ìyá."

"Wọ́n lè bá a wí níṣojú ọmọ rẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Ọmọ ọwọ́ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n lọ́hùn-ún yẹn, ọkọ rẹ ni. Bó bá ké, wàá dá a lóhùn."

"Màá dá a lóhùn."

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ tí ẹnì kan nínú ilé náà pè é ní "ìwọ".

Àbúrò olóògbé dá sí i. Ojú ń tì í díẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ opó ilé ni, ẹnì kan ni yóò ṣú u lópó, òun sì ní ìyàwó lọ́hùn-ún.

"Mi ò wá ọkọ," obìnrin náà wí. "Mo ti fẹ́ tèmi."

"Opó pọ̀ nínú ilé yìí," Ìyálé wí. "Ta ló ṣú èmi lópó?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, ẹnì kan nínú àwọn ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì ti yí padà kí àwọn àgbà tó mọ̀. Wọn ò kéde nǹkan kan. Baálé kàn ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ wọ ilé ìwé ní Èjìgbò ná, kí àwọn máa wò ó. Bàbá mi ò sọ̀rọ̀, bó ṣe wí. Nígbà tí a ń lọ sílé, ó ní ohùn obìnrin náà dà bí ohùn ọ̀rẹ́ òun, pé bí ìyẹn náà ṣe máa ń já gbólóhùn sí méjì nìyẹn.

Wọ́n mú un ṣiṣẹ́. Ìhà ibi tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́ ni wọ́n fún un láti máa gbá, wọ́n sì ń rán an níṣẹ́ bí ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ju ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ lọ́jọ́ orí. Ó ń pẹ́ dé kíláàsì. Nígbà mìíràn kì í wá. Nígbà tí ààwẹ̀ tún dé, ó bá wọn gbà á. Lẹ́yìn ààwẹ̀ a gbọ́ pé ó ti ń bá wọn kírun. Kò tún wá mọ́.

Ó dun Pásítọ̀, tó ti ń retí pé yóò di ọmọ ìjọ. Ó bi mí lọ́jọ́ kan, nígbà tí àwọn ìyá ti lọ tán, pé ṣé èmi ni mo bá a sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn.

"Ìwé kíkà ni mo kọ́ ọ, sà."

Ó wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ìyá Ìjọ, tí kò tíì lọ jìnnà tó bí a ṣe rò, sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. "Ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, Pásítọ̀. Ohun tó wá nìyẹn." Pásítọ̀ ò tún sọ̀rọ̀ náà mọ́, kò sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo rò pé ó yẹ kó dun Pásítọ̀, òótọ́ sì ni ohun tí Ìyá Ìjọ wí.

Kó tó di pé wọ́n pè mí sí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́, Ìyá Ìjọ ka Bíbélì nínú ìsìn Ọjọ́ Ìsinmi. Òun ló yan ibi tó kà, ti obìnrin ará Kénáánì ni. Wọ́n ní ó pẹ́ lórí rẹ̀, àwọn ọmọdé ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ akọrin kan sì sùn. Èmi ò sí níbẹ̀. Ní ọjọ́ náà, ihò bọ́tìnnì ni mò ń gé.

Ó kù díẹ̀ kí a wọ ọdún 1980 ni mo tún rí ará Àbíjàn. Mo ti di olùkọ́ ní Ola nígbà náà, mò ń ti Èjìgbò padà síbi iṣẹ́, òun àti ọmọ rẹ̀ sì wà nínú bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀. Ọmọ náà ti ga ju ìyá lọ. Wọ́n ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ nílé ìbátan bàbá rẹ̀, ìyá náà sì gbé ìkòkò ńlá kan sórí itan, nítorí pé àwọn aya ilé ló máa dáná.

Mo kí i, ó pè mí ní Tíṣà. Kò sí ohun tó kù nínú ohùn rẹ̀ tí ẹnì kan fi lè mọ̀ pé kì í ṣe Èjìgbò ni wọ́n bí i sí. Ó sọ fún mi pé òun padà sí abúlé àwọn lẹ́ẹ̀kan láti lọ wo ìyá òun, pé ìyá náà ní òun ń fa èdè àwọn gùn bí ẹni tó ń kọrin. Mo bi í bó ṣe rí lára rẹ̀.

"Mo rẹ́rìn-ín," ó wí. "Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín. A jọ jẹun, mo bá a ṣẹ́gi, mo padà wá."

Ọmọ rẹ̀ ní kó gbé ìkòkò náà fún òun, ó ní rárá, pé ó ní bí òun ṣe dì í mú. Nígbà tí a dé Ola, ẹnì kan ti dúró de wọ́n ní ibùdókọ̀, ó pe ìyá náà ní ìyàwó wa, ó sì gba ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gba ọ̀nà àárín ọjà lọ. Èmi gba ọ̀nà ilé ìwé.